Eku Wo, Ibà Wo? Àlàyé lórí Àwọn Àìsàn Fáírọ́ọ̀sì tí Ó Ń Ti Ara Eku àti Àdán Ran Ènìyàn

ÌFÁÁRÀ

Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti ń bẹ̀rẹ̀, ìkéde kan kì í wọ́n lórí rédíò ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Ìpínlẹ̀ Ẹdó pé kí tọmọdé tàgbà ṣọ́ra fún eku nítorí ibà Lassa. Òótọ́ ni ìkéde náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ méjì tí ó gbé e ró, èyí tí í ṣe 'eku' àti 'ibà', ni ìtumọ̀ wọn fẹ̀ ní èdè Yorùbá ju bí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ṣe ń lò wọ́n lọ. Ẹni tí ó gbọ́ 'eku' lè máa ro òkété tí ọdẹ gbé ti oko bọ̀. Ẹni tí ó gbọ́ 'ibà' lè máa ro ibà tí ẹ̀fọn ń fà, èyí tí agbo tàbí oògùn kẹ́míìsì ti bá a lé lọ láìmọye ìgbà. Kí onílé má mọ eku tí wọ́n ń wí, kí aláìsàn má sì mọ ibà tí ó ń ṣe é, àlàfo tí àìsàn náà ń gbà wọlé nìyẹn.

Iṣẹ́ yìí dá lórí àwọn àìsàn tí kòkòrò àìfojúrí tí wọ́n ń pè ní fáírọ́ọ̀sì ń fà, tí ó jẹ́ pé ara eku tàbí ara àdán ni kòkòrò náà fi ṣe ibùgbé kí ó tó dé ara ènìyàn. Ibà Lassa ni ọ̀rọ̀ yóò pọ̀ lé lórí jù, nítorí pé òun ni ó ń padà wá lọ́dọọdún sí ilẹ̀ Yorùbá àti àwọn àgbègbè tí ó yí i ká.

Fáírọ́ọ̀sì kéré tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí ẹ̀rọ amóhuntóbi tí wọ́n ń lò ní ilé ẹ̀kọ́ kò lè fi í hàn. Kò lè dá bí sí i fúnra rẹ̀. Àfi kí ó wọ inú ara ohun abẹ̀mí. Ẹranko tí ó ti ń bá gbé láti ìran dé ìran kì í sábà ṣàìsàn nítorí rẹ̀, nítorí pé ara ẹranko náà ti mọ̀ ọ́n lálejò, fáírọ́ọ̀sì náà sì ti mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Nígbà tí ó bá ṣì wọ ara ẹlòmíràn tí kò mọ̀ ọ́n rí ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn ni ẹlòmíràn náà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

EKU NÍNÚ ÈDÈ YORÙBÁ

Orúkọ ẹbí ni 'eku' jẹ́ ní èdè Yorùbá, kì í ṣe orúkọ ẹranko kan ṣoṣo. Abẹ́ rẹ̀ ni èkúté, eliri, ẹmọ́, àgó, àfè àti òkété wà, tí olúkúlùkù sì ní ibùgbé àti ìwà tirẹ̀. Èkúté ni ti inú ilé. Eliri ni ó kéré jù nínú wọn. Inú igbó àti pápá ni ti ẹmọ́ àti àgó. Òkété tóbi, ó ń gbẹ́ ihò sínú ilẹ̀, òru ni ó sì ń jẹ̀. Asín pẹ̀lú wà nínú ohun tí Yorùbá kà mọ́ eku, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ nípa ẹranko yọ ọ́ kúrò láàrin wọn. Ní ọ̀dọ̀ tiwọn, ohun tí ó so ẹbí eku pọ̀ ni eyín iwájú tí kì í dẹ́kun láti máa gùn, èyí tí ó sọ ọ́ di dandan fún ẹranko náà láti máa rún nǹkan kí eyín náà lè máa kúrú. Ọ̀nà yìí ni wọ́n fi ka ọ̀yà, ọ̀kẹ́rẹ́, ikún àti òòrẹ̀ mọ́ ẹbí kan náà pẹ̀lú èkúté, ohun tí yóò ya ọ̀pọ̀ ọdẹ lẹ́nu.

Eku kì í sì í ṣe ohun ẹ̀gbin lójú Yorùbá ní gbogbo ọ̀nà. Ó wà lára ohun tí wọ́n fi ń rúbọ, ibòmíràn wà tí wọ́n ti ń lò ó níbi ìkómọjáde, ọbẹ̀ tí wọ́n sì fi ẹmọ́ yíyan sè kì í ṣe ọbẹ̀ ìyà. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ ìlera kan bá dé abúlé tí ó ní kí wọ́n jìnnà sí eku, tí àgbàlagbà kan sì dá a lóhùn pé àwọn baba àwọn jẹ eku, wọ́n sì dàgbà, kì í ṣe agídí ni àgbàlagbà náà ń ṣe. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá a sọ ni kò kún tó. Nínú gbogbo eku tí a kà sílẹ̀ yìí, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ibà Lassa kàn.

BÍ IBÀ LASSA ṢE DI MÍMỌ̀

Lassa jẹ́ ìlú kan ní Ìpínlẹ̀ Borno, ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Ní oṣù kìíní ọdún 1969, Laura Wine, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn àwọn oníwàásù kan níbẹ̀, dùbúlẹ̀ àìsàn. Ọ̀fun ríro àti ẹ̀yìn dídùn ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí Jos, ó sì kú níbẹ̀. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀ ní Jos, kó àìsàn náà, òun náà sì kú ní oṣù kejì. Nọ́ọ̀sì kẹta, Lily Pinneo, kó o pẹ̀lú. Òun ni wọ́n gbé lọ sí New York, ó sì yè.

Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àwọn nọ́ọ̀sì wọ̀nyí, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí rí. Jordi Casals, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ tí ó ń ṣe iṣẹ́ náà, kó àìsàn yìí nínú yàrá ìwádìí. Omi inú ẹ̀jẹ̀ Pinneo, tí ara rẹ̀ ti yá nígbà náà, ni wọ́n fà sí i lára tí ó fi bọ́. Juan Roman, òṣìṣẹ́ mìíràn ní yàrá ìwádìí ní Yale, kò rí irú oore bẹ́ẹ̀; ó kú kí wọ́n tó mọ ohun tí ó ń ṣe é. Yale dá iṣẹ́ lórí fáírọ́ọ̀sì ààyè náà dúró lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1970, Jeanette Troup, dókítà kan ní Jos tí ó ti ń tọ pinpin àìsàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kú nípasẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí abẹ gé e lọ́wọ́ nígbà tí ó ń yẹ òkú aláìsàn kan wò.

Orúkọ ìlú Lassa ni wọ́n fún fáírọ́ọ̀sì náà. Àwọn ará ìlú yìí kò yàn án bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹ̀rí pé ọ̀dọ̀ wọn ni ó ti ṣẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n kàn ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Ohun tí ó yẹ ní àkíyèsí nínú ìtàn yìí ni pé ìtọ́jú aláìsàn àti iṣẹ́ yàrá ìwádìí ni ó pa àwọn tí orúkọ wọn wà lákọsílẹ̀ yìí.  Ó di ọdún 1972, nígbà tí àìsàn náà bẹ́ sílẹ̀ ní ìlà-oòrùn Sierra Leone, kí àwọn onímọ̀ tó rí fáírọ́ọ̀sì náà lára eku.

EKU TÍ WỌ́N Ń WÍ

Mastomys natalensis ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe eku náà. Kò tóbi, ó ju eliri lọ, kò sì tó èkúté ńlá inú gọ́tà. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí erùpẹ̀, inú rẹ̀ sì funfun díẹ̀. Ohun tí a fi lè dá abo rẹ̀ mọ̀ ni ọmú: ọmú rẹ̀ lè tó 24, nígbà tí ọmú èkúté lásán kò ju bí 10 tàbí 12 lọ. Ọmú yìí kì í ṣe fún ẹwà. Ó ń bímọ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kì í sì í pẹ́ kí ó tó tún lóyún. Oko, pápá àti inú ilé ni ó ń gbé, ó sì fẹ́ràn ibi tí wọ́n bá kó oúnjẹ jọ sí.

Bí fáírọ́ọ̀sì Lassa bá wà lára eku yìí, kì í ṣe é ní nǹkan kan. Yóò máa jẹ, yóò máa bí, yóò sì máa tọ fáírọ́ọ̀sì mọ́ ìtọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Títí di nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, òun nìkan ni wọ́n kà sí agbódegbà fún àìsàn náà. Ní ọdún 2016, Ayọ̀dèjì Ọláyẹmí ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde tí ó fi hàn pé wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì náà lára eku méjì mìíràn: Mastomys erythroleucus ní Nàìjíríà àti Guinea, àti Hylomyscus pamfi, eku kékeré inú igbó kan, ní Nàìjíríà. Ìwádìí yìí ṣe pàtàkì fún ẹni tí ó bá rò pé bí ilé bá ti mọ́, ọ̀ràn ti bùṣe. Ọ̀nà ṣì wà láti inú igbó àti oko.

Síbẹ̀, inú ilé ni ọ̀nà tí ó gbòòrò jù. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ni ó ń gbé fáírọ́ọ̀sì náà kiri, kì í ṣe eyín rẹ̀ nìkan. Ẹni tí ó sá èlùbọ́ sórí àpáta tàbí sí ẹ̀gbẹ́ títì, tí kò sì kó o wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, ti tẹ́ tábìlì sílẹ̀ fún eku. Eku yóò jẹ, yóò sì tọ̀ sí i. Gàrí inú àpò tí ẹnu rẹ̀ ṣí, ẹ̀wà inú agbọ̀n, àwo tí wọ́n fọ̀ tí wọ́n sì dojú rẹ̀ sókè mọ́jú, gbogbo rẹ̀ ni eku ń rìn kọjá lórí lóru. Èlùbọ́ yóò bọ́ sínú omi gbígbóná kí ó tó di ọkà, iná yóò sì pa ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n gàrí tí wọ́n fi omi tútù mu kò rí iná mọ́ lẹ́yìn tí ó ti kúrò nínú agbada. Ìdí nìyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n máa fi ike olómorí pamọ́ gàrí. Ẹni tí ó bá ń gbálẹ̀ ibi tí ìtọ̀ eku ti gbẹ sí lè fa eruku rẹ̀ símú. Ẹni tí ó bá pa eku, tí ó sì fi ọwọ́ lásán là á, lè kó o láti ara ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, pàápàá bí ọwọ́ bá ní egbò. Ẹran tí ó jinná kò ní fáírọ́ọ̀sì ààyè. Lórí pátákó tí wọ́n ti ń kun ẹran náà ni ewu wà.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àìsàn náà ń pọ̀ jù. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro: wọ́n ti kórè oko, wọ́n ti sun igbó, oúnjẹ eku ti dín kù níta, ó sì ti pọ̀ sí i nínú àká. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ eku àti ilé alámọ̀ tí ó sán, tàbí ilé bíríkì tí àjà rẹ̀ ti ṣí.

Ní ọdún 2018, àìsàn náà pọ̀ ní Nàìjíríà ju bí ó ti máa ń rí lọ. Ènìyàn 633 ni àyẹ̀wò fi hàn pé ó mú. Ìbẹ̀rù gba ayé kan pé bóyá fáírọ́ọ̀sì náà ti yí padà tí ó fi ń yára ti ara ènìyàn kan ran èkejì. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn Irrua ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó ni wọ́n ti ka àbùdá fáírọ́ọ̀sì tí ó wà lára àwọn aláìsàn níbẹ̀ kíákíá. Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn ni ó ń ran ènìyàn, àbùdá fáírọ́ọ̀sì ara wọn ì bá jọra bí ọmọ ìyá. Wọn kò jọra bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn aláìsàn náà ni ó jẹ́ pé eku ni ó kó o ràn wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kálukú nínú ilé tirẹ̀. Lójú ẹni tí ó bá rò ó dáadáa, àbájáde yìí tu ni nínú ní ọ̀nà kan, ó sì tún bani nínú jẹ́ ní ọ̀nà mìíràn: fáírọ́ọ̀sì náà kò yí padà, ilé kò sì yí padà. Ní ọdún 2020, iye àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé ó mú ju 1,000 lọ. Ìpínlẹ̀ Oǹdó, Ẹdó àti Bauchi ni ó sì máa ń ní èyí tí ó pọ̀ jù lọ́dọọdún. Kò mọ sí Nàìjíríà nìkan. Ní Orílẹ̀-èdè Benin, àìsàn náà bẹ́ sílẹ̀ ní 2014 àti 2016, Tchaourou sì ni ọ̀kan nínú ibi tí ó ti le ní 2016.

IBÀ TÍ OÒGÙN IBÀ KÒ RÀN

Bí fáírọ́ọ̀sì Lassa bá wọ ara, ó lè lo ọjọ́ 2 sí 21 kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn án. Nínú ènìyàn 10 tí ó bá wọ̀ lára, nǹkan bí 8 ni kò ní ṣàìsàn tí ó le. Òmíràn kò tilẹ̀ ní mọ̀ rárá. Àwọn tí ó kù ni ìjà ń bá. Ara gbígbóná, àárẹ̀ àti orí fífọ́ ni yóò kọ́kọ́ yọjú, lẹ́yìn náà ọ̀fun ríro, àyà dídùn, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru. Títí dé ibí yìí, kò sí ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ibà ẹ̀fọn tàbí táífọ́ọ̀dù. Ojú lè wú, ẹ̀jẹ̀ sì lè máa jáde ní imú, ẹnu tàbí ojú ara, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń dúró de ẹ̀jẹ̀ kí ó tó fura yóò pẹ́ jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ aláìsàn ni ẹ̀jẹ̀ kì í jáde lára wọn rárá.

Èdè Yorùbá kò ṣàìmọ̀ pé ibà kò rí bákan náà. 'Akọ ibà' wà, 'ibà apọ́njú' sì wà. Ṣùgbọ́n ibà lásán ni gbogbo wọn fi ń bẹ̀rẹ̀, ojú ibà lásán sì ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi wò wọ́n. Aláìsàn yóò mu agbo fún ọjọ́ méjì. Yóò lọ sí kẹ́míìsì, wọn yóò po oògùn ibà àti ti táífọ́ọ̀dù pọ̀ fún un. Ilé ìwòsàn kékeré lè fa omi sí i lára. Ọ̀sẹ̀ kan yóò ti kọjá. Oògùn ribavirin ni wọ́n sì fi ń tọ́jú ibà Lassa láti ìgbà tí ìwádìí kan ní Sierra Leone, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1986, ti fi hàn pé àwọn tí ó tètè gbà á, láàrin ọjọ́ 6 àkọ́kọ́ àìsàn, ni ó ṣàǹfààní fún jù. Àwọn onímọ̀ kan ti ń tún ẹ̀rí yẹn yẹ̀ wò ní ọdún àìpẹ́, ṣùgbọ́n òun ni ó ṣì wà lọ́wọ́. Kò sì tíì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí wọ́n fọwọ́ sí fún lílò gbogbo ènìyàn. Ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́ yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà 'ibà' ń gbà lọ́wọ́ aláìsàn.

Ìnáwó rẹ̀ kò mọ sí ikú. Nínú àwọn tí wọ́n dá dúró sí ilé ìwòsàn, nǹkan bí 15 nínú 100 ni ó ń kú, ó sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Fún aboyún tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje sókè, ìyá tàbí ọmọ inú rẹ̀ ni ó ń bá a lọ nínú èyí tí ó ju 80 lọ nínú 100. Nínú àwọn tí ó yè, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni etí rẹ̀ ń di; ti àwọn kan ń là padà lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ti àwọn mìíràn di títí ayé. Ọlọ́jà tí kò gbọ́ ohun tí oníbàárà ń ná mọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gbọ́ ohùn olùkọ́, àwọn wọ̀nyí kì í sí nínú òǹkà tí ìwé ìròyìn ń gbé jáde.

Àìsàn náà ń ti ara ẹni tí ó ń ṣe ran ẹlòmíràn nípasẹ̀ ẹ̀jẹ̀, èébì, ìtọ̀ àti àwọn omi ara mìíràn. Bíbọ ara lọ́wọ́ tàbí jíjókòó nínú ọkọ̀ kan náà kọ́ ni ó ń sábà ràn án, bí kò ṣe ìtọ́jú láìsí ìbọ̀wọ́, abẹ́rẹ́ tí wọ́n lò fún ẹni méjì, àti wíwẹ òkú. Ara ọkùnrin tí ó ti yá lè ní fáírọ́ọ̀sì nínú àtọ̀ fún oṣù mélòó kan.

Bí ìkéde kan bá wá sọ ní Yorùbá pé èkúté tí ó ń jẹ nínú ilé àti eku kékeré inú oko ni ọ̀rọ̀ kàn, pé ìtọ̀ rẹ̀ ni kí wọ́n sá fún, pé ibà tí oògùn ibà kò bá ràn lẹ́yìn ọjọ́ méjì kò gbọdọ̀ padà sí kẹ́míìsì, olùgbọ́ yóò mọ ibi tí yóò yíjú sí nínú ilé ara rẹ̀. Ìyàtọ̀ ń bẹ láàrin èyí àti 'ẹ ṣọ́ra fún eku'.

ÒKÉTÉ ŃKỌ́?

Pé òkété kì í ṣe eku Lassa kò túmọ̀ sí pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2003, wọ́n kó àwọn ẹranko kéékèèké láti Ghana lọ tà ní Texas, ní Amẹ́ríkà, òkété àti ọ̀kẹ́rẹ́ sì wà lára wọn. Ilé kan náà ni oníṣòwò kan kó wọn sí pẹ̀lú ẹranko ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà kan tí àwọn ọmọdé ń sìn nílé. Àwọn wọ̀nyí kó mpox lára wọn, wọ́n sì kó o ran ènìyàn 47. Kò pa ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ní Nàìjíríà, àìsàn náà yọjú ní 1971 àti 1978, ó sì tún bẹ́ sílẹ̀ ní 2017. Orúkọ ọ̀bọ ni wọ́n fi ń pè é tẹ́lẹ̀, nítorí pé ara ọ̀bọ inú yàrá ìwádìí ní Denmark ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní 1958. Ẹbí eku ni wọ́n sì ń fura sí jù. Wọ́n yí orúkọ náà padà ní 2022. Ọ̀bọ jẹ̀bi fún ọdún 64 lórí ohun tí ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé aládùúgbò rẹ̀ ni ó fà á.

ÀDÁN

Àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ. Yorùbá kò rí ibi tí yóò kà á sí, yálà ẹyẹ tàbí eku, àwọn onímọ̀ náà sì dá a sí ẹbí ọ̀tọ̀. Àdán ńlá tí ń jẹ èso wà, òòbẹ̀ kékeré tí ń jẹ kòkòrò tí ó sì ń gbé inú àjà ilé wà. Òun nìkan ni ẹranko afọ́mọlọ́mú tí ó ń fò ní tòótọ́, àwọn kan sì gbà pé agbára tí fífò ń gbà ni ó kọ́ ara rẹ̀ láti máa gba fáírọ́ọ̀sì mọ́ra láìṣàìsàn.

Ebola ni ó gbé orúkọ àdán sẹ́nu ará Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan tí ó ti Làìbéríà wá kó o wọ Èkó. Ènìyàn 20 ni ó mú ní Èkó àti Port Harcourt, ó sì pa 8 nínú wọn, Dókítà Ameyo Stella Adadevoh tí ó kọ̀ láti jẹ́ kí aláìsàn náà kúrò ní ilé ìwòsàn wà lára wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Láàrin oṣù mẹ́ta yẹn, àwọn kan ń fi omi iyọ̀ wẹ̀, wọ́n ń mu ún, ọjà àwọn aláta ẹran ìgbẹ́ sì dàrú. Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹyọ kan nínú àwọn 20 náà tí ó ti ara ẹran ìgbẹ́ kó o. Ọ̀dọ̀ arìnrìn-àjò kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹ̀. Àní, pé àdán ni ilé Ebola kò tíì fìdí múlẹ̀ pátápátá: wọ́n ti rí àpẹẹrẹ fáírọ́ọ̀sì náà àti ohun ìjà ara lòdì sí i lára àwọn àdán kan ní àárín gbùngbùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n wọn kò tíì rí fáírọ́ọ̀sì ààyè gbà lára wọn.

Ti Marburg, ìbátan Ebola, ló dá wọn lójú. Àdán inú ihò àpáta tí wọ́n ń pè ní Rousettus aegyptiacus ni ilé rẹ̀. Ní ọdún 2007, ó mú àwọn awakùsà ní ihò Kitaka ní Uganda. Àwọn awakùsà pa àdán ibẹ̀ run. Nígbà tí ó ṣe, àdán mìíràn padà síbẹ̀. Ní ọdún 2012 àìsàn náà sì tún bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú tí ó wà nítòsí. Wọ́n yẹ àwọn àdán tuntun náà wò: níbi tí fáírọ́ọ̀sì ti wà lára nǹkan bí 5 nínú 100 tẹ́lẹ̀, ó ti wà lára nǹkan bí 13 nínú 100. Àwọn ọmọ àdán tí kò tíì kó o rí ni ó kún àyè tí àwọn àgbà fi sílẹ̀.

Ó yẹ kí ẹni tí ó ń ronú láti gé igi tí àdán ń sùn sí gbọ́ èyí. Àdán tí ń jẹ èso ni ó pọ̀ lórí igi ọgbà yunifásítì ní Ilé-Ifẹ̀. Irú wọn ni ó ń gbin hóró ìrókò káàkiri igbó nípasẹ̀ ìgbẹ́ wọn. Àdán ni ó ń mú òdòdó igi igba so, ibẹ̀ ni irú inú ọbẹ̀ ti ń wá.

Àdán kan náà sì ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì kan lára rẹ̀ ní Erékùṣù Èkó ní ọdún 1956, tí wọ́n fi orúkọ Èkó pè. Ó jẹ́ ìbátan fáírọ́ọ̀sì tí ó ń fa dìgbòlugi láti ara ajá. Èyí ni ó gbé àwọn onímọ̀ lọ sí Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí àwọn ọkùnrin ti máa ń wọ ihò àpáta lọ kó àdán ní àkókò ọdún àdán. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní 2010 àti 2013, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020, ka ènìyàn 2,112 nínú agbolé tí wọ́n dé. Àwọn 213 ni àdán ti kàn lára rí. Ó ti bu 52 jẹ. Èyí tí ó ju ìdajì lọ nínú àwọn àdán inú ihò náà ni ẹ̀jẹ̀ wọn fi hàn pé wọ́n ti pàdé fáírọ́ọ̀sì ẹbí ti Èkó yìí. Kò sí àmì rẹ̀ lára ẹnì kankan nínú àwọn ènìyàn tí wọ́n yẹ̀ wò. Nínú àwọn 203 tí ó ti fọwọ́ kan àdán, tí ìbéèrè sì kàn, ẹni 3 péré ni ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi.

Abẹ́rẹ́ yẹn pàápàá, dìgbòlugi ti ajá ni wọ́n ṣe é fún. Kò ṣeé gbọ́kàn lé fún fáírọ́ọ̀sì ti Èkó. Ó ṣì yẹ kí ẹni tí àdán bá bù jẹ gbà á, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè fi ojú mọ èyí tí ó wà lẹ́nu àdán. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé ilé ìwòsàn, kí ó fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, bí egbò náà tilẹ̀ kéré bí ẹni tí ẹ̀gún gún.